Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù: Ọdún Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n Mi Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìtọ́jú Inú Ilé ní Accra

Bí ẹnì kan bá wọlé tọ̀ yín wá, tó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ń tọ́jú ìyá yín tó wà lórí àìsàn, ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ fún un lómi, ẹ ní kó jókòó, kí ẹ wá bi í pé kí ló fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe. Èmi tí mo ń sọ èyí, mo lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní wíwọ ilé onílé kiri Accra láti béèrè ìbéèrè yẹn gan-an. Ẹni tó ti ta ẹja rí ló ń mọ èyí tó ti fẹ́ máa rùn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní mọ́sáláṣí wa ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Wọ́n ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe, wọ́n sì gbọ́ pé mo bá òyìnbó ṣiṣẹ́. Ojú wọn ń tàn bí wọ́n ṣe ń pe "òyìnbó" yẹn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Accra ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ìyá mi sì ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Kantamanto. Yorùbá la ń sọ nínú ilé, Ga lójú títì, Twi lọ́jà, Hausa ní mọ́sáláṣí. N kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìwé mi kò sì gùn. Ilẹ̀ wọ́ọ̀dù ni mo ń nù nílé ìwòsàn kan. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò lérè fún yín, iye tí wọ́n sì ń san kò yẹ ní sísọ létí ọmọlúàbí.

Ní wọ́ọ̀dù yẹn ni Sísítà Mensah ti rí mi. Nọ́ọ̀sì àgbà ni. Òun ló ń darí àwọn díẹ̀ tó ń lọ sílé àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, kí ara lè máa tù wọ́n títí ọjọ́ wọn yóò fi pé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ bàtà funfun ni, kò sì gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Kò gba dókítà gbọ́, kò gba aláìsàn gbọ́, kò sì gba aago ara ògiri wọ́ọ̀dù gbọ́; tọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tí mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún bàbá arúgbó kan tí kò gbọ́ ju Hausa lọ.

"Alata," ó pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, "èdè mélòó lo gbọ́?"

"Mẹ́rin, Sísítà."

"Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́?"

"Ó di márùn-ún, àmọ́ ìyẹn ń ṣẹ́ mọ́ mi lẹ́nu."

"Tọ́jú ohun tó o fi ń nulẹ̀ yẹn. Aago méje òwúrọ̀ ọ̀la ni kí o wá bá mi."

Mo dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó dá mi padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, mo dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀, òun náà sì ti dé.

Ẹ̀kọ́ kìíní tó kọ́ mi kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí n má mira fún wákàtí méjì. Mo rò pé eré ni. Nígbà tó tó nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, egungun ìbàdí mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ogójì, etí mi tó wà nísàlẹ̀ ń jó mi bí ẹni fi ata kùn ún. Ẹ fi ọkàn sí i: etí. Kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé etí ẹni tí kò lè yíra padà lè dégbò.

Nígbà tí wákàtí méjì pé, Sísítà dé. "Ibo ló kọ́kọ́ dùn ọ́?"

"Ìbàdí, Sísítà. Lẹ́yìn náà, etí."

"Kí lo fẹ́ jù lọ?"

"Kí ẹnì kan yí mi padà."

"Ó dáa. Láti òní lọ, o kò ní dúró dìgbà tí aláìsàn bá bẹ̀ ọ́."

Ẹ̀kọ́ kejì gba ọdún mẹ́ta. Tí a bá ti jáde nílé aláìsàn, yóò dúró lábẹ́ igi dọ́ńgóyárò tó bá sún mọ́ wa, yóò sì máa bi mí ní ohun tí mo rí.

"Fèrèsé mélòó?"

"Méjì. Ọ̀kan kì í ṣí."

"Ife omi ńkọ́?"

"Ó wà lórí àga."

"Ṣé ọwọ́ aláìsàn tó o?"

N kò mọ̀. A rìn padà wọlé nítorí ife omi. Ọwọ́ aláìsàn kò tó o.

Nílé mìíràn, ó bi mí iye ẹní tó wà nílẹ̀. Mo ní ọ̀kan. Ó ní ta ló ń sùn lórí rẹ̀. Mo ní wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó kọjú sí mi. "Mi ò bi ọ́ ní ohun tí wọ́n ní. Ẹnu lo ń gbọ́, mo ní kí o wo ilẹ̀."

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó rán mi, àmọ́ mo ra ìwé àjákọ kan, mo fàlà sí i sí òpó mẹ́rin fún èdè mẹ́rin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi ìrora jọ. Ó ń ta mí, ó ń gún mi, ó ń ro mí, ó ń ṣán mi, ó ń jó mi, ó ń fà mí. Ẹni tí ara ń jó àti ẹni tí ara ń ro lè má gba oògùn kan náà. Dókítà tó bá gbọ́ "ó ń dùn mí" nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Mo ń ka gbogbo bébà tí wọ́n ń ká sínú páálí oògùn, mo sì ka àwọn ìwé nọ́ọ̀sì tí Sísítà ti kà gbó. Nígbà tó yá, àwọn dókítà kéékèèké ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wọ yàrá aláìsàn.

Àwọn ẹbí aláìsàn ń fura sí wa, wọn kò sì jẹ̀bi. Wọ́n ní àwa là ń gbé ikú kiri nínú báàgì. Wọ́n ní mọfíìnì, oògùn olómi tí a fi ń pa ìrora lára àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ, ni wọ́n fi ń tètè lé èèyàn lọ. Bàbá kan na ìgò sí mi: "Anago, bó bá dáa bẹ́ẹ̀, mu tìrẹ kí n rí i." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Sísítà. Ó ní kí n sọ fún bàbá pé ẹni tí ẹsẹ̀ kò dùn kì í ya igi ìtilẹ̀ lò. Bàbá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọjọ́ mẹ́rin kọjá kó tó mu ún.

Irinṣẹ́ wa ń yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí àwọn olùwádìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wa, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń wọni lára ni kásẹ́ẹ̀tì máa ń tán, tí yóò sì dún "kà". Ìyá àgbà kan kí ẹ̀rọ náà kó tó kí wa, ó ní òun kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wa. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré tó dà bí páálí ìṣáná dé. Èyí kì í dún rárá, kò sì jẹ́ kí èèyàn rántí pé ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé e sójú ibi tí aláìsàn yóò ti rí i. Ohun tó ń gbọ́rọ̀ tí kò sì fi ara hàn, ẹ má bá a jókòó.

Ọdún tí Sísítà Mensah fẹ̀yìn tì ni ìwádìí ńlá dé. Yunifásítì kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan láti Íńdíà, àti ọ̀kan tiwa níbí ló pawọ́ pọ̀. Wọ́n ní aláìsàn nìkan ni gbogbo ayé ń wò, kò sẹ́ni tó ń wo ẹbí tó ń gbé e, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń ṣọ́ ọ. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò, àti bóyá bí a bá kọ́ ọ níṣẹ́, ara yóò tu òun àti aláìsàn. Èrò náà dára. Mo sọ fún Sísítà pé ó dára.

"Ó dára," ni Sísítà wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé àpò wá, wọ́n sì mọ bí ohun tí wọ́n fẹ́ kó lọ ṣe tóbi tó. Ṣọ́ra kí o má bá wọn fi èrò ara rẹ kún àpò náà."

Dókítà Ruth ni ọ̀gá wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ga, ó ń jẹ kẹ́ńkẹ́ pẹ̀lú ata, ó sì ń rẹ́rìn-ín púpọ̀. Mo fi ẹ̀rín náà sọ́kàn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo bi í pé, "Níbo ni ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn mi ń lọ?"

"Inú kọ̀ǹpútà tí a tì pa," ó ní.

"Ta ló lè ṣí i?"

"Àwa mẹ́ta."

"Ṣé ọmọ ibí wà nínú yín?"

Ó wò mí. "Rárá. Ìbéèrè tó dáa ni."

Mo ti bá wọn pẹ́ tó láti mọ̀ pé bí wọ́n bá ní ìbéèrè rẹ dáa, ìdáhùn kò sí nítòsí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé iṣẹ́ mi ni láti máa ṣọ́ àwọn èèyàn mi lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ibi tí ìyẹn gbé mi dé.

Tábúlẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí a ń fi ìka tẹ̀, ni wọ́n kó fún wa. Fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sì ń béèrè nílé kọ̀ọ̀kan ni orúkọ olùtọ́jú, ẹnì kan péré. Ẹni tí a bá kọ orúkọ rẹ̀ ni yóò wá sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Sátidé mẹ́rin láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà, bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ wọn mọfíìnì. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni èmi yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ilé mọ́kànlá ni wọ́n fún mi.

Ilé Alhaja Sínátù wà ní Ashaiman. Jẹjẹrẹ ọmú ti wọ egungun rẹ̀ lọ. Alhaji Múníru, àkọ́bí rẹ̀, ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Abossey Okai. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ wà nínú ilé náà, Mẹ́múnà lórúkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò ní Kumasi. Ọmọ Tamale ni Mẹ́múnà, àmọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀ já geere ju ti àwọn ọmọ ilé lọ. Twi ni àwọn yẹn fi ń dá ìyá àgbà wọn lóhùn.

Gbogbo wa jókòó sínú yàrá Alhaja. Mo béèrè pé ta ló ń tọ́jú rẹ̀.

"Èmi ni," Alhaji dáhùn. "Ta ni ì bá tún jẹ́? Èmi ni àkọ́bí."

Mẹ́múnà kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi, ó sì jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́nu àgbà lobì ti ń gbó. Àlejò kì í wọlé kí ìyàwó ilé máa dá a lóhùn nígbà tí olórí ilé wà níjòkòó. Àti pé bí Alhaji bá ní ìyàwó àbúrò òun ló ń tọ́jú ìyá òun, ohun tí ayé yóò gbọ́ ni pé ó ti pa ìyá rẹ̀ tì. Kò purọ́, ipò rẹ̀ ló sọ.

Ẹní kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹní ìko ni, ó ti gbó níbi tí ìgbáròkó ti ń kàn án. Mo rí i dáadáa. Mo sì tẹ "Múníru" sínú fọ́ọ̀mù.

N kò ní ṣe bí ẹni tó gbàgbé ìdí rẹ̀. Mo wo ojú òyìnbó tó máa ka fọ́ọ̀mù náà lókè òkun. N kò fẹ́ kó kà á pé ọmọ Yorùbá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn. Mo fẹ́ kí ilé náà wuyì. Mo fura sí gbogbo ayé, n kò fura sí ìka ara mi.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ síbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni Alhaji yàn, torí ọjọ́ náà ló ń wà nílé. Fọ́ọ̀mù ní kí olùtọ́jú fi nọ́ńbà sọ bí ìrora aláìsàn ṣe pọ̀ tó, láti òdo dé mẹ́wàá. "A dúpẹ́," ni Alhaji máa ń wí. "Ẹ kọ méjì." Mo ń kọ méjì. Alhaja ń wò wá láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ìlà kankan nínú fọ́ọ̀mù tó ní kí n bi òun náà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan ni wọ́n pè mí láti ọ́fíìsì pé fọ́ọ̀mù ọjọ́ Àìkú náà ti pòórá nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, kí n lọ tún un ṣe. Mo wọ ọkọ̀ èrò tíròtíró lọ sí Ashaiman láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ni mo dé. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ohùn Alhaja. Kì í ṣe igbe. Ó ń mí èémí tó ń gé, bí ẹni tó ń ru nǹkan tó wúwo gun òkè. Mo kágò, mo wọlé. Mẹ́múnà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó ti ká ìró sí àárín orúnkún méjèèjì kí egungun má baà kan egungun. Ohun tí a ń fi Sátidé mẹ́rin kọ́ èèyàn ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

"Oògùn ńkọ́?" mo béèrè.

"Ó wà nínú wọ́dúróòbù Alhaji, Àǹtí."

"Gbé e wá."

"Ó wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn ní Abossey Okai."

Oògùn tó yẹ kí Alhaja máa mu ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ìgbà méjì lójúmọ́ ló ń mu ún: lẹ́yìn ìrun àsùbáà kí Alhaji tó jáde, àti nígbà tó bá já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tó sì délé. Àwa la sọ fún un nílé ìwòsàn pé oògùn tó lágbára ni, kó pa á mọ́ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó. Ó pa á mọ́. Ojoojúmọ́ ni ara ń ro Alhaja láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn yóò fi wọ̀, èmi sì ti kọ "méjì" nígbà mẹ́fà.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Mẹ́múnà kò wo ojú mi. "Àǹtí, ẹ kò bi mí." Ó tún ìró àárín orúnkún náà ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní mo fẹjọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sùn fún àlejò, wọn yóò dá mi padà sí Tamale. Ta ni yóò wá máa yí Ìyá?"

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, Alhaja yóò máa jìyà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ bí kò ṣe yẹ, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ń gbé e yóò kúrò lára rẹ̀.

Mo pe Alhaji lórí fóònù, mo ní kó jọ̀wọ́ máa bọ̀, ìyá ń fẹ́ oògùn. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà Abossey Okai sí Ashaiman lọ́sàn-án, ẹ mọ̀ ọ́n. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ló dé. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi jókòó ti Alhaja, tí mo sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé àjákọ mi lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń gún. Ó ń jó. Ó ń ṣán.

Òógùn bo Alhaji nígbà tó wọlé. Ó ṣí wọ́dúróòbù, ó wọn oògùn bí a ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́, ó gbé sírínjì sókè kó lè rí ìlà rẹ̀ dáadáa, ó sì rọra fún un sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ojú Alhaja rọ̀. Alhaji yíjú sí mi. "Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"Ẹ ṣe é dáadáa," mo ní, òótọ́ sì ni. Mo wá sún àga mi mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ro ó láti ìgbà tí mo ti jókòó: ẹnu àgbà kan ló ń bẹ nínú ilé yìí tó ju ti Alhaji lọ. "Alhaja, ẹ dárí jì mí, n kò bi yín rí. Ta ló ń tọ́jú yín?"

"Àǹtí," Alhaji ní, "ṣebí a ti dáhùn ìyẹn."

"Ẹ ti dáhùn, Alhaji. Ìyá ni kò tíì dáhùn."

Alhaja wò mí títí. "Oṣù mẹ́ta lo ti ń wọlé wá síbí," ó ní. "Múníru lò ń bi bí ìrora mi ṣe pọ̀ tó. Ṣé Múníru lara ń dùn ni?"

Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

"Múníru ń náwó lé mi lórí. Ọlọ́run á máa fún un sí i. Mẹ́múnà ló ń gbé mi." Ó na ọwọ́. "Múníru, mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá."

"Ìyá, wọ́n ní kí n pa á mọ́ ni."

"O pa á mọ́ títí èmi alára ò fi rí i."

Alhaji yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò lára ti mọ́tò rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yọ, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gírísì. Kò mú un fún Mẹ́múnà. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló fi sí. Alhaja fúnra rẹ̀ ló pe Mẹ́múnà, tó sì fi lé e lọ́wọ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe gba ọ̀nà tó tọ́, tí kò sí ẹni tó fẹjọ́ ẹnì kan sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́ Mẹ́múnà bí wọ́n ṣe ń fi sírínjì wọn oògùn. Ìgbà kan ni mo fi hàn án, ó mọ̀ ọ́n.

Ó wá ku èmi àti fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kejì mo pe Dókítà Ruth, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì dúró kó lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

"Ilé mélòó ló rí bẹ́ẹ̀?" ó béèrè.

"N kò mọ̀. Mo máa padà lọ wò wọ́n."

Mo padà lọ sí ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, láìsọ tẹ́lẹ̀. Nínú méje nínú wọn, ẹni tí mo kọ orúkọ rẹ̀ kò gbé aláìsàn rí: àkọ́bí, ọkọ, àbúrò bàbá. Dókítà Ruth ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wa. Mo ní ṣé kí wọ́n lè máa sọ pé àwa Yorùbá ò tọ́jú ìyá wa ni. Ó ní rárá, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwa olùwádìí kò mọ ẹni tó yẹ kí á bi. Mo ní kó kọ ọ́ kí n fi ojú ara mi rí i. Ó kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà. Nígbà tí ìwé náà jáde, orúkọ púpọ̀ ló wà lókè rẹ̀. Tèmi wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́, wọ́n sì fi lẹ́tà kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mẹ́múnà kò lórúkọ níbẹ̀ rárá. Wọ́n ní ààbò rẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń rò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ yìí, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Bí kò bá sí ìwádìí yẹn, kò sí ẹni tí ì bá rán mi lọ sí Ashaiman lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ṣùgbọ́n ẹ fura. Ẹ fura sí ẹ̀rọ tí àpótí orúkọ inú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ fura sí "a dúpẹ́." Ẹ fura sí ara yín jù nígbà tí ẹ bá ń ṣọ́ iyì ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ Mẹ́múnà ni Alhaja kú, lẹ́yìn ìrun alásàárì, lójú oorun. Fọ́ọ̀mù kan máa ń kù tí a ń kọ ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú, èyí sì ni fọ́ọ̀mù tí mo kọ kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì. Alhaji fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún Mẹ́múnà, òun jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Kò jáde, kò sì dá sí i. Mẹ́múnà dáhùn gbogbo ìbéèrè wéréwéré títí a fi dé ìkẹtàdínlógún, èyí tó béèrè bóyá nǹkan kan wà nínú ìtọ́jú náà tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún.

"Ó wà," ó ní. "Mo máa ń bínú sí Ìyá. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí wọn tán tí wọ́n tún ní kí n yí àwọn. Lọ́jọ́ kan mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ojú mi là sílẹ̀, mo ṣe bí ẹni tó sùn. Mo jẹ́ kí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹta."

Ìka mi dúró. Tẹ̀sùbáà Alhaji náà dúró. Ó ṣe mí bíi kí n tẹ "Kò sí", kí n sì kọjá sí ìkejìdínlógún.

"Àǹtí," Alhaji ní, "kí ló dé tí ẹ kò kọ ọ́?"

"Ojú yín ni mò ń wò, Alhaji."

"Ẹ yé wo ojú mi. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́." Ó wá yíjú sí Mẹ́múnà. "Wọ́n pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, o gbọ́. Èmi wà ní Abossey Okai, mi ò gbọ́ ọ̀kankan."

Mo kọ ọ́, àti ẹ̀ẹ̀mẹta náà.